Ipò Ìṣọwọ́lò-èdè nínú Ìdíyelé Ìtàn-àròsọ Òde-òní: Ọ̀rọ̀ lórí Òun àti Àwọn Wúnrẹ̀n Kéékèèké Mìíràn

1. Ìfáárà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni ọ̀nà tí àwa lámèyítọ́ àti àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń gbà díyelé ìtàn-àròsọ ọlọ́rọ̀ geere ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Bí ìwé tuntun bá jáde, ìbéèrè mẹ́ta ni a sábà máa ń bi í: kí ni ó ń sọ, ta ni ó ń sọ ọ́ fún, ǹjẹ́ èdè rẹ̀ sì dùn? Ojú ewé púpọ̀ ni a máa ń lò lórí ìbéèrè méjì àkọ́kọ́. Ìpínrọ̀ kan péré, ní ìparí, ni a máa ń fún ẹ̀kẹta. Níbẹ̀ ni a ó ti kọ ọ́ pé òǹkọ̀wé náà gbọ́ èdè dáadáa, tàbí pé èdè rẹ̀ dáńtọ́, a ó sì ka òwe bí mẹ́fà àti àfiwé bí mẹ́rin jáde láti fi ti ọ̀rọ̀ wa lẹ́yìn.

Èrò tiwa ni pé ìbéèrè kẹta yìí ni ó yẹ kí ó ṣáájú, nítorí pé òun ni ó ń pinnu ohun tí ìwé náà sọ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n kò lè ṣáájú bí a bá ṣì ń fi òwe kíkà dáhùn rẹ̀. Inú àwọn wúnrẹ̀n gírámà tí ojú ń fò dá, ìyẹn arọ́pò-orúkọ, atọ́ka ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ àti atọ́ka àkíyèsí alátẹnumọ́, ni ìṣọwọ́lò-èdè ìtàn-àròsọ fìdí kalẹ̀ sí jù lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá sì rí bẹ́ẹ̀, àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ àpèjúwe gírámà kò lè sọ mọ́ pé iṣẹ́ àwọn onílítíréṣọ̀ ni láti dá ìwé lẹ́jọ́.

Ìdájọ́ yìí kò mọ sí inú kíláàsì. Òun ni ó ń sọ ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò yàn, ìwé tí yóò gba ẹ̀bùn, àti irú Yorùbá tí ọ̀dọ́ tí ó ń kọ ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ yóò rò pé òun gbọ́dọ̀ kọ kí àwọn àgbà tó lè gba tòun. A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní àsọjù ni èyí. Láti ìgbà tí Achebe ti kọ àròkọ rẹ̀ ní 1965 lórí òǹkọ̀wé gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ti gbà pé ẹ̀kọ́ tí ìwé kọ́ àwùjọ ni a gbọ́dọ̀ fi wọ̀n ọ́n, àti pé ẹni tí ó bá ń wo bí a ṣe to gbólóhùn nígbà tí ìlú ń jó, ìgbádùn ni ó ń wá. A kò bá wọn jà lórí ẹ̀kọ́. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé gbólóhùn ni ó ń sọ fún wa irú ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́, àti ẹni tí ó ń kọ́ni.

2. Òwe kíkà, àṣìṣe kíkà

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe ìdánwò lítíréṣọ̀ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama mọ irú ìbéèrè yìí: kí akẹ́kọ̀ọ́ tọ́ka sí ọnà-èdè márùn-ún nínú ìwé tí ó kà, kí ó sì fi àpẹẹrẹ gbe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá òwe kan, àfiwé kan, ìfohunpènìyàn kan, àsọrégèé kan, àwítúnwí kan. Ó ti gba máàkì rẹ̀ nìyẹn. Ìwé tí nǹkan wọ̀nyí kò bá pọ̀ nínú rẹ̀, ìwé tí èdè rẹ̀ gbẹ ni a ó pè é. Orísun àṣà náà kò ṣòro láti rí. Àwọn iṣẹ́ ńláńlá tí ó kọ́ wa bí a ti ń ṣe àtúpalẹ̀ èdè ọnà Yorùbá, ti Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá ní 1966 àti ti Ọlátúndé Ọlátúnjí lórí ewì alohùn ní 1984, ewì ni wọ́n gbé yẹ̀ wò. Irinṣẹ́ tí wọ́n rọ bá ewì mu. Nígbà tí a gbé irinṣẹ́ náà wọ inú ọ̀rọ̀ geere, a kò tún un rọ.

Fágúnwà ni a sì máa ń fi ṣe ẹ̀rí. Òdodo ni pé ọ̀ṣọ́ èdè pọ̀ nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938). Ayọ̀ Bámgbóṣé ti ṣe àlàyé wọn lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ nínú ìwé tí ó kọ ní 1974. Ohun tí àwọn tí ó ń fara wé Fágúnwà kò kíyè sí ni ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀. Àkàrà-oògùn ni asọ̀tàn. Ìtàn ara rẹ̀ ni ó ń sọ fún akọ̀wé, èrò sì ń pọ̀ sí i láti ọjọ́ kan dé èkejì láti wá gbọ́ ọ. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ láwùjọ ni. Gbólóhùn gígùn tí ń tò tẹ̀ lé ara wọn, nǹkan kan tí a dárúkọ lọ́nà mẹ́rin kí a tó fi í sílẹ̀, ìwàásù tí ó já lu ìtàn láàárín, ohùn ẹni tí ojú èrò wà lára rẹ̀ ni gbogbo wọn. Ìṣọwọ́lò-èdè náà bá asọ̀tàn mu bí àkọ̀ ti bá idà mu. Ẹ wá gbé ohùn kan náà fún asọ̀tàn aláìlórúkọ tí ó ń ròyìn bí akọ̀wé ìjọba kan ṣe dá jókòó sínú yàrá ní Bódìjà, tí ó ń retí kí fóònù dún. Ta ni ó ń pa gbogbo òwe yẹn? Ta ni ó sì ń pa wọ́n fún?

Ọládẹ̀jọ Òkédìjí mọ ìyàtọ̀ yìí. Òwe kò wọ́n lẹ́nu Lápàdé, ọlọ́pàá àná tí ó wà láàárín ìtàn Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971). Ẹnu ènìyàn kan ni wọ́n ti ń jáde, a sì ń fi wọ́n mọ irú ẹni tí ó jẹ́: ẹni tí ó fẹ́ràn láti fi ọ̀rọ̀ dá ara rẹ̀ lára yá kódà nígbà tí ewu wà nítòsí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka òwe Lápàdé mọ́ ọnà-èdè Òkédìjí láìsọ ti Lápàdé, ó ti ka aṣọ ẹlẹ́sìn mọ́ ẹṣin lára.

Àwọn tí ó ń díyelé ìwé tí a fi Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé kọ ní ìwọ̀n tiwọn, èyí tí ó jẹ́ òdìkejì ti wa. Dípò kí wọ́n ka òwe, àṣìṣe ni wọ́n ń kà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Faber and Faber tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, akéwì Dylan Thomas yìn ín nínú The Observer. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ Nàìjíríà kan kọ lẹ́tà ìbínú sí ìwé ìròyìn West Africa pé Gẹ̀ẹ́sì Tutùọlá ń dójú ti àwọn. Ẹni tí ó yìn ín àti àwọn tí ó bú u jọ gbà pé gírámà náà wọ́. Ohun tí wọ́n yapa lé lórí ni bóyá ìwọ́ náà dùn. Ọdún 1971 ni Adébísí Afọláyan fi yé wa pé ètò wà nínú Gẹ̀ẹ́sì náà, àti pé gírámà Yorùbá ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ pàtàkì ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe tọ́ka sí i pé Gabriel Okara, nínú The Voice (1964), ń gbé ọ̀rọ̀-ìṣe lọ sí ìparí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé ibẹ̀ ni ó ń wà nínú èdè Ijo. Ibi tí a parí sí nìyẹn. A mọ ibi tí gbólóhùn ti wá. A kò béèrè ohun tí ó wá ṣe nínú ìtàn. Àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni ẹ̀bi yìí tọ́ sí ju àwọn onílítíréṣọ̀ lọ.

3. Òun

Ẹ jẹ́ kí a mú wúnrẹ̀n kan ṣoṣo, kí a dúró tì í dáadáa. Bí a bá gbọ́ pé Ó ní òun yóò wá, ẹni tí ó sọ̀rọ̀ náà ni yóò wá. Bí a bá gbọ́ pé Ó ní ó máa wá, ẹlòmíràn ni ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa yóò kọ́kọ́ lọ bá. Claude Hagège ni ó fún irú arọ́pò-orúkọ báyìí ní orúkọ lógófóríìkì ní 1974. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Clements tẹ àlàyé rẹ̀ lórí yè ti èdè Ewe jáde nínú Journal of West African Languages. Ya ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú Igbo. Nínú Gokana, gẹ́gẹ́ bí Hyman àti Comrie ti fi hàn ní 1981, ara ọ̀rọ̀-ìṣe ni àmì náà ń lẹ̀ mọ́, gẹ́gẹ́ bí àfòmọ́ ẹ̀yìn. Òun ti Yorùbá kò le koko tó yè, nítorí pé ó tún jẹ́ arọ́pò-afarajorúkọ tí a lè fi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ lásán, bí ìgbà tí a bá ní Òun ni mo rí. Síntáàsì rẹ̀ ṣì ń fa àríyànjiyàn. A kò ní wọ inú àríyànjiyàn náà níhìn-ín. Ohun tí ó kàn wá ni kókó kan tí Clements ti kíyè sí nínú Ewe, tí Yorùbá sì fara mọ́: wúnrẹ̀n yìí lè kọjá ààlà gbólóhùn kan bọ́ sí òmíràn, níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì wà nínú ọkàn ẹni kan náà.

Ẹ wo ìpínrọ̀ kékeré yìí, tí a ṣe fún àlàyé:

(1) Adérónkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ronú. Kí ni òun fẹ́ sọ fún ìyá ọkọ òun? Òun kò jí owó ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá rò pé òun jí i, kí wọ́n wá tú àpótí òun wò.

Kí a tún wá wo èyí:

(2) Adérónkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ronú. Kí ni ó fẹ́ sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀? Kò jí owó ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá rò pé ó jí i, kí wọ́n wá tú àpótí rẹ̀ wò.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni. Kò sí òwe kankan níbẹ̀, kò sí àfiwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá ọnà-èdè márùn-ún yóò kọjá lọ lọ́wọ́ òfo. Síbẹ̀, nínú (1), Adérónkẹ́ ni ó ń sọ pé òun kò jalè. A lè gbà á gbọ́, a sì lè máa fura. Nínú (2), asọ̀tàn ni ó sọ pé kò jí owó. Ọ̀rọ̀ ti parí. Bí owó náà bá wá jáde láti inú àpótí rẹ̀ ní orí kẹta ìwé náà, obìnrin kan ni ó purọ́ fún ara rẹ̀ nínú (1). Nínú (2), òǹkọ̀wé ni ó purọ́ fún wa. Kí onímọ̀ síntáàsì kíyè sí i pẹ̀lú pé ó kì í hàn níwájú kò, nítorí náà nínú gbólóhùn oníyìísódì, àárín òun àti òfo ni òǹkọ̀wé ti ń yàn.

Ọ̀rọ̀ ṣì kù nínú ìpínrọ̀ náà. Ìyàwó kì í pe ìyá ọkọ rẹ̀ ní ó. Wọ́n ni Adérónkẹ́ lò nínú (1), kódà nínú ọkàn ara rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ ọ. Ìbẹ̀rù, tàbí ẹ̀kọ́ ilé, ti wọ̀ ọ́ lára dé ibẹ̀. Bí òǹkọ̀wé bá wá kọ gbólóhùn ìparí báyìí pé Bí ó bá rò pé òun jí i, kí ó wá tú àpótí òun wò, ohun kan ti já láàárín obìnrin méjèèjì, bí ẹnu Adérónkẹ́ tilẹ̀ ṣì ń sọ pé 'Ẹ káàárọ̀, Mà' nígbà tí ó wọlé. Ìtàn gbogbo lè wà nínú ìyípadà wọ́n sí ó. Òǹkọ̀wé tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe yóò fi ìyípadà náà pamọ́ títí di ọjọ́ tí ó bá tọ́ sí.

Nínú lámèyítọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, ọgbọ́n kan wà tí a máa ń yin Jane Austen àti Flaubert fún: èrò ẹ̀dá-ìtàn a máa yọ́ wọ inú gbólóhùn asọ̀tàn láìsí 'ó rò pé' níwájú rẹ̀, òǹkàwé kò sì ní mọ ẹni tí ó ni èrò náà gan-an. Ohun tí ó jẹ́ kí ọgbọ́n yìí ṣeé ṣe ni pé 'she' tàbí 'elle' kò sọ ojú ẹni tí a fi ń wo nǹkan. Bí a bá wá fi ìwọ̀n yìí díyelé ìwé Yorùbá, a ó ní àwọn òǹkọ̀wé wa kò ní ọgbọ́n náà. Irọ́ ni. Ohun tí wọ́n ní yàtọ̀. Gírámà wa béèrè lọ́wọ́ òǹkọ̀wé pé kí ó sọ, ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, bóyá inú ẹ̀dá-ìtàn ni òun wà tàbí ìta. Ohun tí Flaubert ń fi ìrújú ṣe, Yorùbá ń fi ìwọlé-wọ̀de ṣe, ìyẹn bí a ṣe ń bọ́ sí òun, tí a sì ń jáde kúrò nínú rẹ̀. A ó rí ọ̀jáfáfá òǹkọ̀wé tí ó lo àǹfààní pé òun lè jẹ́ àtẹnumọ́ lásán nígbà mìíràn, tí ó fi wọ́n ìrújú díẹ̀ padà sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí lámèyítọ́ dúró sí kí ó pàtẹ́wọ́.

A ti rí ìwé àfọwọ́kọ kan rí, tí wọ́n ní kí a bá wọn yẹ̀ wò, níbi tí olóòtú ti fi ó rọ́pò òun káàkiri. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé òun ti pọ̀ jù, ó sì ń dun etí. Obìnrin tí ó yẹ kí á máa fura sí títí dé ìdajì ìwé náà ti di aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ní ojú ewé kejì. Olóòtú náà kò yí ohun kankan padà nínú ìtàn, lójú tirẹ̀.

Asọ̀tàn tí ń sọ tara rẹ̀ kò nílò òun fún èrò ara rẹ̀. Ibòmíràn ni iṣẹ́ ti wà fún un. Nínú Ogún Ọmọdé (1990), Akínwùmí Ìṣọ̀lá mú ìgbà èwe gẹ́gẹ́ bí kókó, inú òwe sì ni ó ti fa àkọlé ìwé náà yọ. Ẹni tí ó bá ń wá ọ̀ṣọ́ níbẹ̀ yóò pàdánù ohun tí ó dára jù nínú rẹ̀, ìyẹn bí àgbàlagbà ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ọmọdé rí, tí kò sì fi ọgbọ́n àgbà bo ojú ọmọdé náà.

4. Ọmọ-ogun mẹ́ta

Ọ̀nà tí ó dára láti dán èrò àwọn tí ó fi kókó-ọ̀rọ̀ ṣáájú wò ni kí a mú ìwé mẹ́ta tí kókó wọn jọra. Sozaboy tí Ken Saro-Wiwa kọ ní 1985, Allah n'est pas obligé tí Ahmadou Kourouma kọ ní 2000, tí ó sì gba ẹ̀bùn Renaudot lọ́dún náà, àti Beasts of No Nation tí Uzodinma Iweala kọ ní 2005, tí wọ́n sì fi ṣe fíìmù ní 2015: èwe tàbí ọ̀dọ́ kan ni ó di ọmọ-ogun nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ròyìn, ogun sì bà á jẹ́. Bí ẹ̀kọ́ ni a bá fi ń wọ̀n wọ́n, ìwé kan ni wọn. Èdè ni ó sọ wọ́n di mẹ́ta.

Àdàlù tí Saro-Wiwa fúnra rẹ̀ pè ní Gẹ̀ẹ́sì jíjẹrà, èyí tí Pidgin, Gẹ̀ẹ́sì àkọ́yé àti Gẹ̀ẹ́sì gidi jọ wà nínú rẹ̀, ni ó fi sí ẹnu Mene, ọmọ Dukana, tí ń kọ́ṣẹ́ awakọ̀. Èdè náà jẹ́ apá kan nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Àwọn tí ó dá ogun sílẹ̀ ni àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ńlá, Mene kò sì gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń wù ú. Ẹ wo orúkọ Manmuswak, tí ó jẹ́ odidi gbólóhùn Pidgin pé ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹun. Mene pàdé rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ-ogun ìhà kìíní, ó tún pàdé rẹ̀ lọ́dọ̀ ìhà kejì. Kò sí àlàyé lórí ogun tí ó gún ju ìyẹn lọ, orúkọ ènìyàn sì ni.

Kourouma gba ọ̀nà mìíràn. Birahima ní ìwé atúmọ̀-èdè mẹ́rin, ó sì ń dá ọ̀rọ̀ dúró láti túmọ̀ ọ̀kan sí òmíràn: Faransé fún àwọn ọmọ Áfíríkà, ọ̀rọ̀ Áfíríkà fún àwọn ọmọ Faransé, Pidgin fún àwọn tí ń sọ Faransé. Kí a rántí, fún ẹ̀rín díẹ̀, pé ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà jẹ́ àkójọ ọ̀rọ̀ Faransé ilẹ̀ Áfíríkà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ṣe. Iṣẹ́ irú tiwa ti di ohun èlò lọ́wọ́ ọmọdé tí ń yìnbọn. Ìtumọ̀ náà a máa súni nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà bá ròyìn ikú tán, tí ó wá rọra ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan bí olùkọ́, ìfarabalẹ̀ yẹn ni ó ń dẹ́rù bani.

Ti Iweala ni ó yẹ kí ó fa àríyànjiyàn láàárín wa. Agu, ọmọdé tí ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ má lo ọ̀rọ̀-ìṣe kan láìfi sí ibá atẹ́rẹrẹ, kódà ọ̀rọ̀-ìṣe ipò bíi mímọ̀ àti fífẹ́. Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè yóò sọ, yóò sì jàre, pé kò sẹ́ni tí ń sọ irú Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀. Dey ti Pidgin kò gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Ń ti Yorùbá, bí ó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ibá atẹ́rẹrẹ àti ti bárakú, kì í bá mọ̀ rìn ní ìrọ̀rùn: a ó ní mo mọ̀ ọ́n, a kò ní ní mo ń mọ̀ ọ́n. A kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé èdè àbínibí kan ni ó ti wá. Ṣé a ó wá ní ìwé náà kùnà? Bí a bá dáhùn bẹ́ẹ̀, àṣìṣe kíkà ni a tún padà sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni a wọ̀ fún un. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni ohun tí ibá atẹ́rẹrẹ ń ṣe níbẹ̀. Nínú ìwé yẹn, kò sí ohun tí ó parí. Ìpànìyàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní àná ṣì ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà kò rí ibi kankan dúró sí tí ó fi lè sọ pé mo ti ṣe é, ó ti kọjá. Gírámà tí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni ni ó gbé ipò ẹni tí kò rí àyè kankan láti ronú pìwà dà.

Síbẹ̀, Saro-Wiwa ni a fi sípò kìíní, ìdí rẹ̀ sì wà nínú èdè bákan náà. Ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ni Agu ní. Ó lágbára ní ogún ojú ewé àkọ́kọ́. Nígbà tí ó bá pẹ́, etí òǹkàwé yóò mọ́ ọn lára, yóò sì di bárakú, ohun tí ó yẹ kí ó máa ta wá jí yóò di ìró abẹ́lẹ̀. Èdè Mene ní ìpele púpọ̀: ó lè ṣe yẹ̀yẹ́, ó lè sọ̀rọ̀ ìfẹ́, ó lè fara wé ọ̀gá, ó sì lè dákẹ́. Nítorí náà, a ń gbọ́ ìgbà tí nǹkan kan bá fọ́ nínú rẹ̀.

5. Ìwé kan ní èdè méjì

Ìwé tí ó kù tí a fẹ́ mẹ́nu bà ni Doomi Golo, tí Boubacar Boris Diop fi Wolof kọ, tí a sì tẹ̀ jáde ní 2003 lẹ́yìn tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé ní Faransé. Bàbá àgbà kan ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú àwọn ìwé àjákọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó ti lọ sí ìdálẹ̀. Ní 2009, Diop fúnra rẹ̀ tún un gbé kalẹ̀ ní Faransé pẹ̀lú àkọlé Les petits de la guenon, ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó ń kọ àgbéyẹ̀wò lórí rẹ̀ sì ń ti ibẹ̀ wò ó. 

Ìṣòro náà rèé. Nínú Wolof, àkíyèsí alátẹnumọ́ kò dá dúró bíi ni ti Yorùbá. Inú ètò ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ni ó wà. Moo fún olùwà, la fún àbọ̀ àti àwọn ẹ̀yán mìíràn, dafa fún ọ̀rọ̀-ìṣe: ẹni tí ń ròyìn ní láti máa yàn láàárín wọn bí ìtàn ti ń lọ. Yorùbá náà ń yàn láàárín Bádé lọ àti Bádé ni ó lọ, ṣùgbọ́n ti Wolof súnmọ́ ìdí èdè ju tiwa lọ. Faransé lè fi c'est… que gbé díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá gbé gbogbo rẹ̀, gbólóhùn yóò wúwo débi pé kò ní ṣeé kà. Nítorí náà, bàbá àgbà tí ó wà nínú ìwé 2009 kò lè máa tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ní ibi tí ti 2003 ti ń tẹnu mọ́ ọn. Ibi tí ẹni tí ń kọ̀wé sí ọmọ tí kò sí nílé bá sì ti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ni ìbínú rẹ̀ wà, àti ìfẹ́ rẹ̀.

Àwọn akẹgbẹ́ wa tí wọ́n gbọ́ Wolof ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Ohun tí a ń bẹ̀ wọ́n fún kò ju kí wọ́n mú orí kan nínú Doomi Golo, kí wọ́n ṣàkọsílẹ̀ moo, la àti dafa inú rẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi orí kan náà nínú ìwé Faransé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.